Liseuse wo ló lè ka PDF, EPUB, DOCX àti DJVU láì fọ́ mi lójú?

Tíṣà PCT, Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi lọ̀ yín.

PCT, ìyẹn fisíìkì, kẹ́mísìrì àti tẹkinọ́lọ́jì, ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kétu níbí. Orí fóònù ni gbogbo ìwé tí mò ń kà wà, ojú mi ò sì gbà á mọ́. Tí mo bá jókòó tì í lálẹ́, kì í pẹ́ tí omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi. Iná náà tún ń ṣe tiẹ̀: ó lè lọ nírọ̀lẹ́ kó má dé títí ilẹ̀ á fi mọ́, bátìrì fóònù ò sì lè ru ìwé kíkà àti WhatsApp pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá liseuse, ẹ̀rọ ìwé kíkà tí ojú ẹ̀ rí bíi bébà yẹn.

Ibi tó ti ń ta kókó ni pé àwọn ìwé mi ò jọra. Àwọn ìdánwò BEPC àtẹ̀yìnwá wà ní DOCX, ìṣirò kún inú wọn fọ́fọ́. Mo ní ìwé fisíìkì méjì ní DJVU. Ìwé ìtàn Kétu kan wà tí ẹnìkan skáànì, PDF ni, ojú ìwé ẹ̀ tóbi, ó sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn ìwé ìtàn àròsọ èdè Faransé wà ní EPUB. Ìwé orin ìjọ wa lédè Yorùbá náà ńkọ́, Word ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Mi ò fẹ́ ẹ̀rọ tó máa ka ọ̀kan kó kọ ìyókù sílẹ̀.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ 100,000 sẹ́fà. Àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ láti Paris lóṣù tó ń bọ̀, òun ló máa bá mi rà á. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé kí n tètè dárúkọ èyí tí mo fẹ́, torí tí òun bá dé ìsọ̀ láì lórúkọ lọ́wọ́, èyí tí ojú òun bá kọ́kọ́ rí lòun máa gbé.

Ọmọ Akpakpa, Kútọnù

Ẹ̀gbọ́n, Kindle ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sinmi. Òun ni mo lò ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Calavi. EPUB tàbí DOCX tí ẹ bá ní, ẹ fi ránṣẹ́ sí Send to Kindle, wọ́n á bá yín yí i padà, á sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. Bátìrì ẹ̀ ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó béèrè iná.

Ìyá Fótókọpí, Àjàṣẹ́

Ọmọ Akpakpa, o ò parọ́, àmọ́ o fo DJVU tí Tíṣà dárúkọ. Kindle ò mọ DJVU rí, Send to Kindle náà ò sì gbà á. EPUB tí ò ń sọ yẹn, láti 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà á, tó bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ di irú tiwọn kí wọ́n tó dá a padà fún ẹ. Fi okùn gbé EPUB sínú Kindle tààrà kó o wò ó, ẹ̀rọ á ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dáa fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì ò já mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ń ra ìwé lọ́dọ̀ Amazon, tí kò sì ní nǹkan míì tó fẹ́ kà, Kindle tó o gan-an. Tíṣà ò sí nínú àwọn yẹn.

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ o. Èmi ni mo ní ìsọ̀ fótókọpí kan lọ́nà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ níbí. Kò sí irú fáìlì tí kì í gba iwájú mi kọjá: mémoire àwọn ọmọ yunifásítì, ìwé ètò ìsìnkú, àdéhùn ilẹ̀, ìwé àdúrà lédè Lárúbáwá. Orí clé USB ni àwọn kan ń gbé e wá, àwọn míì á fi WhatsApp ránṣẹ́, wọ́n á ní "Ìyá, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ti wà létò," bẹ́ẹ̀ kò sí ètò kankan níbẹ̀. Èmi náà ní liseuse tí àbúrò mi fi ránṣẹ́. Torí náà, ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má fi iye irú fáìlì tí wọ́n kọ sára páálí yan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ lè ṣí fáìlì kẹ́ ẹ má lè kà á, PDF ló sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Gbogbo wọn ló máa sọ pé àwọn ń ka PDF. Ẹ̀yin lẹ ni ìṣirò, ẹ bá mi wò ó. Bébà A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21. Liseuse kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní 6 inches, ojú ẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Tí wọ́n bá fún A4 wọ inú 9, lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ní 12 á di bíi 5. Lẹ́tà 5 yẹn ni wọ́n fi ń kọ ìkìlọ̀ sínú páálí oògùn. Ojú tó ti ń sunkún lórí fóònù, ẹ fẹ́ lọ kó o bá ìyẹn?

Tó bá jẹ́ 7.8 inches, ojú ẹ̀ fẹ̀ tó 12, lẹ́tà 12 á di 7. Kò ì dáa tó. Àmọ́ gbogbo liseuse tó láàárí ló ní ibi tí wọ́n ti ń gé àlà funfun etí ìwé dànù. Tí àlà bá lọ, ọ̀rọ̀ tó wà lórí A4 kì í sábàá fẹ̀ ju 16 lọ. 12 nínú 16, lẹ́tà yín di 9 nìyẹn, ó ti ṣeé kà. Ẹ tún lè dá ẹ̀rọ dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ máa ka ìdajì ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan. 6 inches gan-an á fún yín ní fífẹ̀ 12 tẹ́ ẹ bá dá a dùbúlẹ̀. Ó kàn máa ń sú èèyàn ni, pàápàá tí àwòrán bá pín sí méjì.

Èyí tó tóbi tó 10.3 inches bá A4 mu jù wọ́n lọ, àmọ́ ẹ gbàgbé ẹ̀. 100,000 sẹ́fà yín ò ju euro 152 lọ, torí euro 1 jẹ́ sẹ́fà 655.957. Àwọn ńlá yẹn máa ń tó ìlọ́po méjì owó yín, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àwọn fáìlì yín.

EPUB ò ní wàhálà. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dì sínú zip ni. Ẹ yí orúkọ ẹ̀yìn ẹ̀ padà sí .zip lórí kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí gbogbo ìfun ẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́tà inú ẹ̀ ń ṣàn, ẹ̀yin lẹ máa sọ bó ṣe máa tóbi tó. Yàtọ̀ sí Kindle, gbogbo liseuse ló ń kà á bó ṣe wà.

DJVU, inú yàrá ìwádìí AT&T ní Amẹ́ríkà ló ti jáde níparí àwọn ọdún 1990, torí ìwé tí wọ́n skáànì gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó máa ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ bébà, ìdí nìyẹn tí ìwé tó nípọn fi ń kéré nínú ẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń pínyà nìyí. PocketBook ń ṣí DJVU láì bẹ ẹnikẹ́ni, ó ń ṣí DOCX, ó ń ṣí EPUB, MOBI, FB2, RTF àti CHM. Kobo gbọ́ EPUB dáadáa, ó sì mọ PDF, MOBI, RTF àti TXT, kò mọ DJVU, kò mọ DOCX. Àmọ́ ètò ọ̀fẹ́ kan wà, KOReader, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí Kobo, á ka DJVU. KOReader yìí kan náà ń wọ inú PocketBook. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ torí ó lè fi kún dídúdú lẹ́tà. Ìwé Kétu yín tó ti pọ́n yẹn, lórí E Ink, ìyẹn ojú liseuse tó rí bíi bébà, pípọ́n yẹn máa jáde bí eérú ni, lẹ́tà á wá rọ. KOReader á fọ eérú yẹn kúrò díẹ̀. Tí ìwé fúnra ẹ̀ bá wà nítòsí, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un skáànì ní dúdú àti funfun, 300 dpi, kì í ṣe aláwọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ pọ̀.

Ó ku DOCX yín, ìdánwò BEPC. Ẹ má gbé DOCX tó ní ìdọ́gba sínú liseuse kankan báyẹn, bí wọ́n tiẹ̀ kọ DOCX gàdàgbà sára páálí ẹ̀. Ìdọ́gba tí wọ́n fi Word kọ máa ń túká. Ec = ½mv² á jáde ní "Ec = mv2", ìdá ½ á ti sá lọ, 2 orí v á ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọmọ tó bá fi ìyẹn kàwé ti gbé òdo.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, nínú Word tàbí LibreOffice. Ẹ lọ sí Mise en page, ẹ yí ìwọ̀n bébà kúrò ní A4, ẹ kọ 9 sí fífẹ̀, 12 sí gíga. Ẹ dín àlà kù sí 0.4 káàkiri. Lẹ́tà, ẹ fi sí 10 tàbí 11. Ẹ wá yí lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo ibi tí àwòrán bá ti yọ síta, kẹ́ ẹ fà á wọlé. Tó bá ti dúró, Exporter en PDF. PDF yẹn á bá ojú liseuse mu rẹ́gí, ìdọ́gba ò ní mira, ½ á wà ní ipò ẹ̀. A4 ló ń jẹ́ kí PDF nira kà lórí ẹ̀rọ kékeré, PDF fúnra ẹ̀ ò ṣẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ 7.8 lẹ rà, ẹ fi 12 àti 16 sí i.

Ní Paris, Kobo ni àbúrò ìyàwó yín máa bá ní Fnac. Tó bá wọ Cultura, Vivlio ló máa rí. Vivlio yẹn, PocketBook ló ń ṣe é fún wọn. Ẹ sọ fún un kó má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu dídùn gbé Kindle fún un.

Ọmọ Òkè, Ṣábẹ

Ìyá, ẹ kú làákàyè. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mò ń ṣe, Boox ni mò ń lò. Android ló wà nínú ẹ̀, ó ní Google Play, nítorí náà kò sí fáìlì tí kò lè ṣí, ẹ ṣáà máa wá ètò tó ń ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sí i. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán ní ẹsẹ̀ òkè níbí, tí fóònù ti di dígí, tèmi ń hàn kedere. Àmọ́ Tíṣà, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ rà á. Bátìrì ẹ̀ ò lè bá ti àwọn yòókù dọ́gba, torí Android ń jẹun kódà tí ẹ ò bá ṣe nǹkan kan. WhatsApp náà á sì tún tẹ̀ lé yín wọ ibẹ̀, ẹ ò ní kàwé mọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni àpò ẹ̀. Gíláàsì tó wà lábẹ́ ojú E Ink tín-ín-rín gidi gan-an. Kì í là lójú bíi ti fóònù, inú ló ti ń fọ́, ẹ máa rí ìlà dúdú tí kò ní kúrò mọ́. Ẹ má tì í bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò gun ọ̀kadà zémi o. Ẹ ra páálí líle tó ń bò ó lójú pọ̀ mọ́ ọn.

Tíṣà PCT, Kétu

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ará. Ìyá, ẹ̀kọ́ Mise en page yẹn nìkan tó owó. Mo ti dán an wò lórí ìdánwò kan, mo wò ó lórí fóònù, ó jáde dáadáa, circuit tí wọ́n yà níbẹ̀ nìkan ni mo ní láti fà wọlé.

Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni ìwé orin. Lórí fóònù mi, àwọn àmì ohùn kan ń fò kúrò lórí lẹ́tà wọn, wọ́n ń lọ jókòó sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ibòmíràn àpótí kékeré òfìfo ni mò ń rí. Mo tún ní ìwé pẹlẹbẹ mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà àwọn àgbà, ìkọ̀wé ti Benin níbí ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n fi ɛ, ɔ àti sh kọ. Ṣé liseuse mọ méjèèjì? Èkejì, pẹ̀lú owó mi, ṣé 6 inches ni kí n mú ni, àbí kí n wá owó kún un?

Ìyá Fótókọpí, Àjàṣẹ́

Ti àmì ohùn, fọ́ǹtì ló wà nídìí ẹ̀, ẹ̀rọ kọ́. Ẹ wo ẹ́. Unicode fún ẹ tó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ ní àyè tiẹ̀, àmọ́ tí àmì bá tún gun orí ẹ̀, kò sí àyè kan ṣoṣo fún un, nǹkan méjì ni wọ́n so pọ̀. Fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì lé orí á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́ǹtì tí kò ní lẹ́tà náà rárá ló ń fún yín ní àpótí. Torí náà, ẹ gbé fọ́ǹtì tiyín lọ. Gentium àti Charis SIL, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, àwọn tó ṣe wọ́n ro irú èdè wa mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹ, ọ, ṣ, wọ́n sì ní ɛ àti ɔ tí ìgbìmọ̀ èdè fi sínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa ní 1975, tí wọ́n tún ṣe ní 1990. Fọ́ǹtì kan á ka ti Nàìjíríà àti ti ibí fún yín. Ní PocketBook, inú system/fonts lẹ máa dà á sí. Ní Kobo àti Kindle, fódà tó ń jẹ́ fonts ni. Lẹ́yìn náà ẹ lọ yàn án níbi tí wọ́n ti ń yan lẹ́tà.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe tẹ ìwé orin yẹn ná. Nígbà tí kíbọọ̀dù Yorùbá ò tíì wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló máa ń fi ìlà Souligné ti Word fa abẹ́ e àti o kí ó lè jọ ti Yorùbá. Mo ṣì ń rí i lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Lórí bébà, ó dáa. Tẹ́ ẹ bá yí i padà sí EPUB tàbí TXT, ìlà yẹn lè já, kó ku e àti o gbígbẹ. Ẹ tẹ lẹ́tà kan kẹ́ ẹ wò ó: tí bọ́tìnì Souligné bá tàn, ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n gbà. Irú ìyẹn, ẹ ṣe é bíi ti ìdánwò, bébà kékeré, PDF. PDF máa ń gbé fọ́ǹtì ẹ̀ dání lọ síbi tó ń lọ, bó ṣe wà lọ́dọ̀ yín náà ló máa wà lórí ẹ̀rọ. Ìdí kan náà nìyẹn tí ìwé Lárúbáwá àwọn oníbàárà mi fi ń dúró dáadáa ní PDF.

Ti owó, ẹ kà á bí mo ṣe kà á. Ìdánwò yín ẹ lè tún un ṣe, ìwé orin ẹ lè tún un ṣe, EPUB ò ní wàhálà. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, 6 inches tó, PocketBook Verse, tó ní ojú ihò káàdì mẹ́mórì. Àmọ́ DJVU méjì yẹn àti ìtàn Kétu, àwòrán ni wọ́n, ẹ ò lè sọ lẹ́tà wọn di ńlá bíi ti EPUB, bí wọ́n ṣe wà lẹ máa kà wọ́n. Fisíìkì lẹ sì ń kọ́ni, inú DJVU yẹn lẹ máa wà jù. Mo rò pé kẹ́ ẹ wá 7.8 tòkunbọ̀. PocketBook InkPad 3, tó jáde ní 2018, ṣì dáa: 7.8 inches, 300 ppi, ihò káàdì wà níbẹ̀. Ojú ṣáájà ẹ̀ ni ti àtijọ́, micro-USB, ẹ máa tọ́jú okùn ẹ̀.

Tòkunbọ̀ ní ohun tí wọ́n ń wò lára ẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Kí àbúrò ìyàwó yín ṣí ojú ìwé funfun, kó wá ìlà tàbí àmì tí kì í kúrò. Kó ṣí ìwé, kó yí i síwájú sẹ́yìn, torí tí èyí tó ti kọjá bá ṣì ń hàn gbòò lẹ́yìn ìwé tuntun, ojú ẹ̀ ti ń gbó. Kó rí i pé ẹni tó ń tà á ti yọ àkáǹtì ara ẹ̀ kúrò níwájú ẹ̀. Kó sì gbé DJVU yín kan dání sórí clé, kó ṣí i níbẹ̀ gan-an.

Ọmọ Akpakpa, Kútọnù

Ìyá, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má bú Kindle mi.

Ìyá Fótókọpí, Àjàṣẹ́

Ta ló bú u? Mo ṣáà ní kó lọ kọ́ DJVU.

Tíṣà PCT, Kétu

Mo ti fi orúkọ InkPad 3 ránṣẹ́ sí àbúrò ìyàwó mi. Ó ti rí méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, owó wọn sún mọ́ra. Ó ní dúdú ni mo fẹ́ ni àbí aláwọ̀ ilẹ̀.

Ìyá Fótókọpí, Àjàṣẹ́

Dúdú. Aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀yin àti ìka tí chalk ti kun un lẹ máa jọ máa jà sí i. Ẹ má gbàgbé páálí tí Ọmọ Òkè sọ.